Ọjọ́ Tí Mo Dá Eré Ìje Bàbá Ken Dúró

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èmi àti Bùkọ́lá ọmọ mi fi gbéra ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Rye Lane pa rọ́rọ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ṣí. Mo wọ léèsì funfun, mo wé gèlè, mo gbé kúlà mọ́ínmọ́ín sẹ́yìn ọkọ̀. Àna là ń lọ rí. Ta ló ń lọ rí àna rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí kò ní múra?

Bùkọ́lá wò mí látòkè délẹ̀. "Mummy, ibi tá à ń lọ yẹn, ẹrẹ̀ àti eruku ni o."

"Eruku ò ní kí n wọṣọ ilé."

"Okay. But please, Mummy, ẹ má embarrass mi lónìí. Ẹ mọ bí Sandra ṣe rí."

Sandra ni ìyá Jack, ọmọ òyìnbó tí Bùkọ́lá fẹ́ fẹ́. Obìnrin náà ò sọ pé òun ò fẹ́ ọmọ mi, àmọ́ kò tíì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lọ́dọọdún ni ìdílé wọn máa ń lọ wo eré ìje ọkọ̀ nígbà ẹ̀rùn, wọ́n sì ní ká wá, kí wọ́n lè rí wa. Ọkọ mi wà ní shift, èmi nìkan ni màá ṣojú gbogbo ẹbí. Mo ṣèlérí fún Bùkọ́lá pé màá ṣe jẹ́jẹ́.

A gba Old Kent Road, a kọjá Blackheath, a bọ́ sí motorway. Níbi tá a ti yà láti nasẹ̀, pọ́n-ùn mẹ́rin àti àádọ́rin pẹ́ńsì ni wọ́n ń ta kọ́fí kan. Mo bi ọmọ tó ń tà á bóyá wúrà ni wọ́n lọ̀ sínú ẹ̀. Lẹ́yìn motorway, ọ̀nà wá rí tóóró, igi lọ́tùn-ún, igi lósì, màlúù ń jẹko. Ó jọ ọ̀nà oko wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó gan-an, àfi pé kò sí kòtò níbẹ̀.

Stock car ni wọ́n ń pe ọkọ̀ eré náà. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, wọ́n á yọ gbogbo gíláàsì rẹ̀, wọ́n á fi irin dì í yíká, wọ́n á wá máa sá yípo pápá amọ̀. Òfin gbà kí awakọ̀ fi ọkọ̀ rẹ̀ gbá ẹlòmíì kúrò lọ́nà. Háà! Nílé wa, bí ẹnì kan bá gbá ọ lẹ́yìn, ẹ ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ fa ara yín láṣọ ya ná.

Jack wá pàdé wa lẹ́nu géètì. Sandra wo gèlè mi, ó fi ètè nìkan rẹ́rìn-ín. Bàbá Sandra ló yá mọ́ mi. Ken lorúkọ rẹ̀, èmi ń pè é ní Bàbá Ken. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, ó ti wọ aṣọ awakọ̀ sílẹ̀. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín méjì lórí ìdúró.

Àwọn arúgbó tó jókòó yí wa ká, tàwọn ti fíláàsì tíì wọn, ọ̀rọ̀ eré ìje ẹ̀rùn kan báyìí ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, ìyẹn nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n ní táyà ọkọ̀ Bàbá Ken yọ, ó sì fi mẹ́ta tó kù sá eré náà dópin. Ẹnì kan ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ìkejì ní irọ́ ni, oòrùn ló mú. Ẹnì kan ní Ken ló ṣe ipò kìíní, wọ́n ní kó jókòó, ipò kejì ni. Obìnrin kan ní orí àga níbẹ̀ ni ọmọ ti mú òun. Ẹ̀rín pa mí.

Ní ìrántí eré yẹn, àwọn awakọ̀ àtijọ́ máa ń tún un sá lọ́dọọdún. Jack sọ fún mi pé tòní ni Bàbá Ken máa fi kẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí Sandra ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀, ó sì ti ṣèlérí pé bí òun bá ti parí tòní, ó tán nìyẹn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ariwo di etí mi, amọ̀ ń ta sókè. Àfi gbàù! Ọkọ̀ pupa kan kọ lu Bàbá Ken lẹ́gbẹ̀ẹ́, tiẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, èéfín sọ lára rẹ̀. Ni gbogbo èrò bá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́! Ara mi bù máṣọ. Nílé wa, bí ọkọ̀ bá ṣubú lọ́nà, kò sẹ́ni tó ń dúró de áńbúláǹsì. Gbogbo èrò ló ń sáré lọ fa ẹni inú rẹ̀ yọ. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ká ìró mi sókè, mo gba géètì tí wọ́n ṣí fún ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́, mo já sórí pápá.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ gbà wá o! Bàbá arúgbó wà nínú ẹ̀!"

"Mummy! Mummy, no!"

Iná pupa tàn yíká pápá, gbogbo ọkọ̀ dúró. Ọkùnrin kan dì mí mú. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ọwọ́ Bàbá Ken tó yọ láti ojú fèrèsé, ó na àtàǹpàkò sókè. Àmì pé kò sí nǹkan tó ṣe òun nìyẹn. Ọwọ́ yẹn ni gbogbo èrò rí tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́, èmi nìkan ni mi ò mọ̀.

Òfin wọn ni pé bí iná pupa bá ti tàn, ọkọ̀ tí kò bá dúró lórí táyà ò lè bá eré lọ mọ́. Ká ní mo jókòó ni, ẹlòmíì ì bá fi ọkọ̀ tì í dìde, ì bá sì máa bá eré ẹ̀ lọ. Àwọn yòókù sá a parí. Bàbá Ken jókòó sórí táyà kan, ó gbé akoto rẹ̀ lé itan. Ẹni tó wà lórí gbohùngbohùn sọ nǹkan kan nípa mi, gbogbo pápá sì bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlẹ̀.

Mo lọ kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú bàbá náà. "Ẹ dákun, sà, ẹ má bínú." Ó rò pé orúnkún mi ló yẹ̀, ó ń pariwo kí wọ́n wá gbé mi. Nígbà tí Jack ṣàlàyé fún un, ó ní kò sí wàhálà, àmọ́ ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìbọ̀wọ́ nu ojú rẹ̀. Sandra kọ̀yìn sí mi. Ó ń ká àga. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ojú ọ̀nà nìkan ni Bùkọ́lá ń wò títí a fi dé Blackheath.

"Bú mi," mo ní.

Kò bú mi. Omijé ló ń nù.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ni fóònù rẹ̀ dún. Ó tẹ sípíkà. Jack ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn wà nílé ọtí, àwọn arúgbó yẹn ti ń bá ara wọn jiyàn lórí mi: àwọn kan ní géètì ni mo gbà, àwọn kan ní odi ni mo fò. Bàbá Ken sì ti ní òun ò parí eré, nítorí náà ìlérí ò tíì mú òun. Òun á tún sá a lọ́dún tó ń bọ̀.

Sandra gba fóònù. "Bùkọ́lá, sọ fún mummy ẹ pé ó ti kó mi sí wàhálà." Ó tún ní: "Sọ fún un pé kó tètè wá lọ́dún tó ń bọ̀ kó wá jókòó tì mí. Mi ò lè dá nìkan wo eré bàbá mi."

Bùkọ́lá bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi lọ́rùn. Inú tiẹ̀ dùn. Èmi ò lè gbójú sókè. Èmi tí mo sáré lọ yọ bàbá nínú ọkọ̀, èmi náà ni mo tún dá a padà sínú ẹ̀.