Ẹni Tí Mo Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀ ní Ilé Ìgbẹ̀bí

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ nípa òkú tó ń rìn. Èmi náà kì í gbà wọ́n gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ṣojú mi, lọ́sàn-án gangan, nínú Ouagadougou yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ni. Ilé ìwòsàn kan nítòsí àdúgbò Hamdalaye ní kí n wá máa ran àwọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, wọ́n ti ti ilé ìgbẹ̀bí wọn pa. Kò sí òṣìṣẹ́ mọ́ tó lè dúró tì mí. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Wọ́n fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé àga kan fún mi síwájú rẹ̀, pé kí n máa sọ fún àwọn aboyún kí wọ́n kọjá sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ẹ ò lè mọ bó ṣe máa ń rí lára. Obìnrin á dé pẹ̀lú ìrora, èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ yìí á ní kó máa lọ. Mo máa ń wolẹ̀ ni, kí n má baà rí ojú wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, oòrùn mú janjan. Bàbá Isá, ọlọ́dẹ wa, ti lọ kírun, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Gbogbo ọgbà dákẹ́. Ni alùpùpù kan bá já wọlé, ọkùnrin kan níwájú, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn. Nàgó ni wọ́n, Yorùbá bíi tiwa.

"Tántì, ẹ gbà wá!" Ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe pè mí ní àǹtí nìyẹn.

"Wọ́n ti ibí pa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa lọ sí..."

Ìyàwó di apá mi mú. "Lọ síbo? Ṣé kí n ní kí ọmọ dúró nídìí iná pupa lójú títì ni?"

Mo wo abẹ́ ìró rẹ̀. Orí ọmọ ti ń yọ.

Mo ní kí ọkọ rẹ̀ sáré lọ pe Bàbá Isá ní mọ́sáláṣí. Ó lọ. Ó wá ku èmi àti obìnrin yìí. Mi ò dá gbẹ̀bí rí. Olùkọ́ kan máa ń dúró tì mí. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣe mí bíi kí n sá.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn mi.

Ìyá àgbà kan ló dúró níbẹ̀, aṣọ agbẹ̀bí lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ jìn wọnú bíi ti ẹni tí kò sùn. "Mú un wọlé," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Inú mi dùn débi pé mi ò ronú kan àgádágodo. Mo rò pé wọ́n ti rí ẹnì kan rán sí wa ni.

Inú ilé náà tutù, bẹ́ẹ̀ fáànù kankan ò yí. Ìyá àgbà ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ èjìká mi ló dúró sí. "Má fà á. Jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá."

Ọmọ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kò ké. Ó rọ̀ bí aṣọ tútù.

"Kí ló dé tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀?" ìyá ọmọ bi mí.

"Nù ún gbẹ. Ra ẹ̀yìn rẹ̀. Má dúró," ìyá àgbà ní. Mo ra á, mo ń ra á, omijé ń bọ́ lójú mi sára ọmọ.

Ó ké.

"A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ," ìyá àgbà ní. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí. "Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé ìwọ ni wọ́n rán wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Ẹ wò ó, nínú iṣẹ́ wa, agbẹ̀bí kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àfi tí ẹni tó kàn bá dé, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti gbà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ mi, tí àgbà bá bi mí ní nǹkan, "bẹ́ẹ̀ ni, mà" ló máa ń ṣáájú ọgbọ́n jáde. Mo kúnlẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ti gbà á."

Ó mí kanlẹ̀. "Barka," ó fi èdè ìlú yìí dúpẹ́, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ sídìí ilẹ̀kùn. Mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mi ò gbọ́ kí ilẹ̀kùn ṣí.

Ohun tí mo gbọ́ ni kọ́kọ́rọ́ tó ń yí nínú àgádágodo, láti ìta.

Bàbá Isá ló wọlé, ọkọ obìnrin náà tẹ̀lé e. Ó fi èdè Dioula bi mí: "Ta ló tì yín mọ́bí? Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lápò mi."

Mo ṣàpèjúwe ìyá àgbà náà fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Tántì Ràlíà," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹni tó máa gbà á sílẹ̀ ò dé. Orí àga tí wọ́n gbé fún ọ yẹn ló kú sí. Òun ni òṣìṣẹ́ tó kẹ́yìn kí wọ́n tó ti ibí pa. Wallahi, kí lo sọ fún un?"

Nígbà tí mo sọ ọ́, ó dìde, ó fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ìyá ọmọ ní èmi nìkan lòun rí, ṣùgbọ́n ohùn méjì lòun gbọ́.

Wọ́n ti fún mi níṣẹ́ báyìí ní búrò kan, ọ́fíìsì gidi, ní àdúgbò Zone du Bois, iṣẹ́ tó dáa. Mi ò tíì lè débẹ̀. Tí mo bá ti dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn yìí láti jáde, á máa ṣe mí bíi ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná, màá sì padà. Wọn ò tíì rí òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, kí Bàbá Isá tó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ilẹ̀kùn ti máa ń ṣí sílẹ̀ dè mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí, bí ẹ bá kọjá níbí, tí ẹnì kan bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ wá gbaṣẹ́, ẹ má fi ọ̀wọ̀ dáhùn. Kódà bó bá jẹ́ èmi ni.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá lóòótọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé. Ó ti ń rẹ̀ mí.