Iwin Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀

Ìdajì owó ìránṣọ ni tíṣà kan ti san sílẹ̀ fún télọ̀ obìnrin kan, owó náà sì ti bá òwú àti sípù lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, télọ̀ jáde lọ ra bọ́tìnnì, ìgbálẹ̀ ló rà bọ̀. Ó bá ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ṣíṣí gbayawu, tíṣà dúró gbagidi láàárín ilé. Áyọ́ọ̀nù ń rú èéfín. Omi ẹ̀rọ ń dà ní yàrá ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ maṣíìnì gún apá aṣọ kan, bí ẹni pé ọwọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Télọ̀ alára kò rántí pé òun fọwọ́ kan ọ̀kankan.

“Òótọ́ ni àwọn ará àdúgbò ń sọ,” ni tíṣà wí. “Iwin ń bá ẹ gbé. Dá owó mi padà, jàre.”

Lójú télọ̀, ìtàn iwin yẹn kúkú sàn ju kí wọ́n pè é ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé aṣọ fún iwin rán?

“Kò sí iwin, mà. Èmi ni. Láti kékeré ni ọkàn mi kì í dúró sójú kan. Dókítà ní bí ọpọlọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe èpè. Bí ẹnìkan bá jókòó tì mí, iṣẹ́ á parí.”

Tíṣà fa àga, ó jókòó. “Ó yá, rán an lójú mi.”

Nírọ̀lẹ́, aṣọ parí, tíṣà san ìdajì tó kù. Ṣùgbọ́n kò kọ ẹ̀yìn sí yàrá ẹ̀yìn títí tó fi jáde.