Nọ́ńbà Ojú Ọmọ Tuntun

Àbúrò bàbá mi, Sylvanus, ni akọ̀wé káàdì ní ọsibítù kékeré kan lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ lọ́dún 1956. Bí aláìsàn bá dé, á bi í ní orúkọ, ọjọ́ orí àti ohun tó ń ṣe é, lẹ́yìn náà á wo ìwé tí àìsàn kọ̀ọ̀kan ti ní nọ́ńbà tirẹ̀, á sì kọ nọ́ńbà àìsàn náà sórí káàdì. Nọ́ńbà yìí ni nọ́ọ̀sì ń wò lójú fèrèsé tó fi ń fúnni lóògùn. Àwa ọmọ ilé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ebi bá pa á, nọ́ńbà ni yóò bù jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, Kúlísúmù wá láti Ìyẹrè, ó pọn ọmọ ọjọ́ márùn-ún, ó faṣọ bò ó lórí. Ó ní ojú ló ń dun ọmọ. Wọn ò tíì sọ ọmọ lórúkọ, nítorí náà orúkọ ìyá àti ọjọ́ orí ìyá ni Sylvanus kọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Èrò pọ̀, ó kó káàdì jọ kó tó kọ nọ́ńbà sí wọn. Nígbà tó kan ti Kúlísúmù, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ló rí níbẹ̀. Ó kọ 370, nọ́ńbà àgbàlagbà tójú rẹ̀ ń yọ ipin. Nọ́ọ̀sì na ìpara ojú jáde, ó pe ẹlòmíì.

Lọ́sàn-án, Sylvanus jáde lọ ra àkàrà, ó bá Kúlísúmù níbi tó ti ń dúró de lọ́rì, tó ń fún ọmọ lọ́yàn. Ojú ọmọ ti wú, ó ti lẹ̀ pọ̀, ọyún ń tú jáde. Ojú ìyá mọ́ kedere. Sylvanus rántí 370 tó kọ. 765 ló yẹ kó kọ, ìyẹn kòkòrò tó wọ ojú ọmọ nígbà ìbí, tó lè fọ́ ọ lójú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìpara lásán ò ràn án.

Ó gba ọmọ, ó sáré wọlé, Kúlísúmù tẹ̀ lé e. Ará Abẹ́òkúta ni nọ́ọ̀sì, ẹnu rẹ̀ mú, gbogbo wọn ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Sylvanus, ẹni tí kì í gbà láéláé pé òun ṣe àṣìṣe, ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ọmọ ni, kì í ṣe ìyá. Èmi ni mo kọ ọ́ ṣì.”

Wọ́n ń fọ ojú náà ní wákàtí wákàtí, wọ́n sì ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì. Hàmídù, bàbá ọmọ, wá bá wọn láti Ìyẹrè, kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ kẹta, Sylvanus wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì nu ojú náà tí ó sì là. Ẹyinjú mọ́ lóló, kò sí àbàwọ́n kankan. Sylvanus tẹ̀ síwájú díẹ̀, ojú náà tẹ̀ lé e. Ó sọ ọ́ fún wa nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án ni òun ti ń kọ ojú sórí káàdì, òun ò mọ̀ pé ohun ńlá báyìí ni. Ó ní ọmọ náà ń wo òun, òun tí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gègé fọ́ ọ lójú.