Ṣíbí Kejì

Ṣíbí méjì ni nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ní Ṣakí máa ń mú wá sídìí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo bẹ̀rù àtisanra débi pé mi ò jẹun mọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì ń yìn mí pé mo mọ ààwẹ̀ í gbà. Òun ò yìn mí, kò sì bá mi wí. Yóò gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ sáàárín wa, yóò ní: "Mi ò ní kí o jẹun. Ṣáà jókòó tì mí, kí n má baà dá jẹun."

Ọgbọ́n iṣẹ́ ni mo pè é, lọ́jọ́ tí mo mú ṣíbí kejì.

Nígbà tí ara mi yá, mo lọ kí i nílé. Òun nìkan ló ń jẹun, ṣíbí kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ó rọra sún abọ́ náà sáàárín.