Ẹni Tí Kọ́nsítébù Stroud Nàka Sí

Lorne Pettigrew ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé ìwé girama kan létí adágún Ontário, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó mọ̀ pé ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fẹ́. Lóṣù Kejì ọdún 1981, ọlọ́pàá fi òòlù ńlá fọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ tí àwọn ọkùnrin bíi tirẹ̀ ti máa ń pàdé. Wọ́n to Lorne àti àwọn yòókù sára ògiri tàwọn ti táwẹ́lì nídìí, wọ́n kọ orúkọ wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n wá jẹ́jọ́. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni Lorne ń sá fún: kí orúkọ òun má dé ilé ìwé. Bó bá débẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Rhoda Feldstein, lọ́yà wọn, ló rí ọ̀nà kan.

“Ẹ má lọ dúró níwájú adájọ́ o,” ló wí fún wọn. “Èmi ni màá dáhùn fún yín. Ẹ jókòó sáàárín èrò. Ọlọ́pàá tó ní òun mú yín ni kó nàka sí yín. Bí kò bá dá yín mọ̀, ẹjọ́ ti parí.”

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tàn dé àwọn ilé ọtí tí irú wọn ń lọ nìyẹn. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá ti lè kúrò níbi iṣẹ́ a wá kún ìjókòó kóòtù, kí ọlọ́pàá má bàa mọ ẹni tó mú. Lọ́dún yẹn, irunmú ńlá àti ṣẹ́ẹ̀tì tó ní ìlà onígun mẹ́rin-mẹ́rin ni tolórí tẹlẹ́mù wọn ní. Lorne nìkan ni ìbẹ̀rù mú, tó lọ fá tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Garnet Doyle, alápatà kan tí wọ́n jọ mú, rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, ó sì fi àwàdà pè é bí obìnrin, bí wọ́n ti máa ń ṣe láàárín ara wọn.

“Àǹtí Tíṣà! Ta ló bó ẹ lẹ́nu báyìí?”

“Mo rò pé kò ní dá mi mọ̀ ni.”

“Gbogbo wa jọra bí ìbejì, ìwọ nìkan lo wá ń dán bí ẹyin. Orí ẹ ò pé! Wá jókòó sẹ́yìn mi jàre, ẹ̀yìn mi fẹ̀.”

Kọ́nsítébù Stroud, ọlọ́pàá tó ní òun mú Lorne, wo ìlà ìjókòó kan tẹ̀ lé òmíràn. Ojú rẹ̀ bà lé Lorne, ó dúró síbẹ̀. Garnet rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń tòògbé, ó sì bò ó.

“Ẹni tí mo mú ní irunmú,” Stroud wí.

“Gbogbo wọn ló ní in,” adájọ́ dáhùn.

“Mi ò lè sọ ní pàtó, Olúwa mi.”

Wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Kò sí akọ̀ròyìn níbẹ̀. Lorne délé, ó sì búra pé òun kò ní tẹ ilẹ̀ kóòtù yẹn mọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹjọ́ Garnet kàn, Lorne sì lọ jókòó sáàárín èrò. Irunmú rẹ̀ ti hù. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin akọ̀ròyìn kan jókòó níwájú, ó la ìwé sórí eékún. Inú ń bí Stroud nítorí ẹjọ́ tó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ wòye púpọ̀ tó fi nàka sí Lorne.

“Òun nìyẹn. Garnet Doyle.”

Adájọ́ ní kó dìde. “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ̀yin ni Garnet Doyle?”

“Rárá, Olúwa mi.”

“Ta wá ni yín?”

Lorne wo akọ̀ròyìn náà. Bó bá jókòó láìdáhùn, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni adájọ́ máa gbà, wọ́n á sì dá Garnet lẹ́bi. Lọ́yà ń wò ó, kò lè bá a sọ ọ́. Garnet, tó wà ní ìjókòó kejì sí i, fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

“Má sọ ọ́. Jókòó. Màá sọ pé èmi rèé.”

“Ṣé ahọ́n ti há ni, màdáámú?” Stroud bi í.

Adájọ́ ní kí Stroud pa ẹnu mọ́. Lorne di ẹ̀yìn ìjókòó tó wà níwájú mú.

“Lorne Alistair Pettigrew,” ló wí. “Olùkọ́ ni mí.”

Akọ̀ròyìn náà tẹrí ba, ó ń kọ ọ́.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti dá Garnet sílẹ̀. Ní Mọ́ńdé, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn ti gbé orúkọ rẹ̀ jáde, kí agogo àkọ́kọ́ tó dún, ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pe Lorne. Lorne nu pátákó ìkọ̀wé mọ́ fún ẹni tó bá máa kọ́ wọn lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lọ jẹ́ ìpè náà.