Ìkíni Tó Fẹ́ Pa Ọ̀gá Mi

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa lọ́rì kí n tó di ẹni tó ń ṣọ́ bàálù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi, ọmọ Ìjerò tó rí ṣe, ló ra bàálù kékeré kan tí kò gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ. Ó tẹ́ pápá gbọọrọ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko bàbá ìyàwó mi, lọ́nà Aramọkọ, ó sì ní kí n máa bójú tó o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá fẹ́ fò, bátìrì kọ̀. Ó ní òun á fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ irin tó wà nímú bàálù kí ẹ́ńjìnnì lè jí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sínú, kí n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí n má gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi òkúta há táyà."

"Bàbá dírẹ́bà, ṣé lọ́rì gẹdú lẹ pe èyí ni? Ẹ ṣáà tẹ bíréèkì."

Inú bí mi. Èmi tí mo fi ẹrù gẹdú gun òkè Ẹ̀fọ̀n láìmọye ìgbà! Mo wọnú bàálù. Ìbínú yẹn ni kò jẹ́ kí n tún dárúkọ òkúta.

Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, kò jẹ́. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "O kú uṣẹ́ o!"

Bàbá ìyàwó mi ni, ó gbé àdá kọ́ èjìká, ó ń ti oko bọ̀. Háà! Níbo ni wọ́n ti ń jókòó sókè kí àna? Kí n tó ronú, mo ti bọ́ sílẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú àárọ̀, sà" ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí ọ̀gá yí abẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, tí ẹ́ńjìnnì sì dún.

Mo gbójú sókè, táyà ń yí. Iwájú rẹ̀ gan-an ni ọ̀gá dúró sí. Ọ̀gá ṣubú, ó yí gbirigbiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá bàálù ré kọjá lórí rẹ̀. Bàálù forí sọ ebè iṣu àna mi, abẹ̀bẹ̀ wa ilẹ̀, ó ká bí etí ajá, ẹ́ńjìnnì sì kú.

Èmi àti ọ̀gá wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ. Àna mi nìkan ló dúró. Ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ dìde. Mo ti gbọ́ ìkíni."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. Ọ̀gá kò bú mi, nítorí òun náà rántí òkúta.

Wọ́n tún bàálù ṣe, ṣùgbọ́n bátìrì kò fi ìwà rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó tún kọ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé òkúta wá há táyà. Mo jókòó, mo tẹ bíréèkì. Bàbá ìyàwó mi tún ń kọjá, ó kí mi. Orúnkún mi fẹ́ dá gbéra. Mo di àga mú, mo sì jẹ́ ẹ ní ìjókòó: "Ẹ kú àárọ̀, sà." Ojú tì mí débi pé n kò lè wò ó. Ó dúró títí ẹ́ńjìnnì fi dún, tí ọ̀gá sì kúrò níwájú bàálù.

Nírọ̀lẹ́, àna mi sọ fún ìyàwó mi pé láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ òun, n kò kí òun dáadáa tó báyìí rí.