Bàbá tí mo sọ "No, grazie" fún ní Shibuya

Ẹ̀yin ará wa ní Padova, ní Italy, ojú ń tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Èmi àti Tóyìn ọmọ mi ń sọdá oríta ńlá kan ní Shibuya, ní Tokyo, lọ́sàn-án òní. Èrò pọ̀ bí eṣú. Bàbá àgbàlagbà kan sáré tẹ̀ lé wa, wọ́n na nǹkan sí mi. Mo rò pé wọ́n ń tajà ni. Mi ò wojú wọn, mo kàn ju ọwọ́, mo fi èdè Italy sọ pé rárá, ẹ ṣé: "No, grazie."

Wọn ò padà.

"Mo ní no, grazie!" Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́.

Tóyìn ló wo ọwọ́ wọn. "Mamma, fermati! È il tuo permesso!" Ó ní kí n dúró, pé permesso mi ni wọ́n mú dání.

Permesso di soggiorno mi ni lóòótọ́, ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ní Italy. Láìsí i, wọn ò ní jẹ́ kí n wọkọ̀ òfurufú padà sílé. Ó ti já bọ́ nígbà tí mo ń yọ fóònù. Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo kúnlẹ̀ sójú títì. "Ẹ má bínú, bàbá." Ẹ̀rù bà wọ́n, àwọn náà ń tẹríba fún mi.

Ẹ mọ "No, grazie" yẹn. Tí mo bá fẹ́ béèrè ọ̀nà ní stazione wa, ibùdókọ̀ ojú irin, òun ni àwọn òyìnbó fi ń dá mi lóhùn kí n tó lanu, bí ẹni pé ọjà ni mo fẹ́ tà fún wọn. Mo ti sunkún nítorí ẹ̀ rí.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, Tóyìn bi mí: "Mamma, perché non l'hai guardato?" Kí ló dé tí mi ò wojú bàbá.

Kí lẹ̀yin ìbá sọ fún un?